Àtẹ̀jáde: Ọwọ́ Tó Ṣe Ìwádìí Pọ̀ Ju Orúkọ Ara Ìwé Lọ

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń bá olùwádìí ṣiṣẹ́, àwa tí ń gbé ìwé ìbéèrè kiri ojúlé, tí ń gba ohùn sílẹ̀, tí ń tẹ ohun tí a gbà, tí ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, pàdé ní Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Aago mẹ́wàá la dá. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú la bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé sì ní òun kò ní fi èyí pamọ́. Wọ́n gbàdúrà ní ti Mùsùlùmí, wọ́n gbà á ní ti ọmọlẹ́yìn Kírísítì, bàbá kan láti Ìlobùú sì wúre ní tirẹ̀. A ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, a gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ gbogbo ìyókù ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan nínú wa tó ń tẹ ohùn ló dá a sílẹ̀ ní ìpàdé ìṣáájú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, àwọn yunifásítì òkè òkun máa ń kà á síta pé iṣẹ́ báyìí báyìí ló ti ọ̀dọ̀ àwọn jáde. Nínú kíkà yẹn, níbo la wà?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Alága wá yan ènìyàn mẹ́ta, ó ní kí wọ́n má ṣe kó gbogbo ayé pọ̀, kí wọ́n mú yunifásítì kan, kí wọ́n yẹ èso ìwádìí rẹ̀ wò fínnífínní. Wọ́n mú Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ka ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀, láti orí ìṣègùn dé orí orin, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti kan ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí láìmọye ìgbà. Kó yé gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yìí pé yunifásítì náà kò ṣẹ̀ wá. Ẹjọ́ tí a máa rò nísàlẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ìròyìn tí àwọn mẹ́ta náà mú wá gùn, àwọn kan sì ti ń tòògbé kí wọ́n tó dé ìdajì rẹ̀. Josiah Mason, ọkùnrin tó fi òwò gègé ìkọ̀wé là, ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì kan sílẹ̀ ní Birmingham ní 1875. Láti inú rẹ̀ ni yunifásítì náà ti jáde, tó gba ìwé àṣẹ Ọbabìnrin Victoria ní 1900. Ní yàrá ìwádìí rẹ̀ ni Norman Haworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú àdììtú fítámì C inú ọsàn, tí wọ́n sì pò ó fúnra wọn. Haworth gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà nínú ìròyìn náà, ẹ̀bùn kan tún wà, òmíràn tún tẹ̀ lé e. A ò ní tò wọ́n síbí.

Ọdún 1940 ló la ojú gbogbo wa. Ní oṣù Kejì ọdún náà, nígbà tí ogun Hitler ń jà, John Randall àti Harry Boot ṣe ohun èlò kékeré kan níbẹ̀ tí ń tú ìgbì rédíò kúkúrú jáde pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí rédà kéré tó láti wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú maikirowéfù tí àwọn ọmọ wa fi ń gbé oúnjẹ gbóná lónìí. Nítòsí wọn, nínú yunifásítì kan náà, Otto Frisch àti Rudolf Peierls wà, ọmọ Júù méjì tó sá fún Hitler, ọ̀kan láti Austria, èkejì láti Jámánì. Torí pé àjèjì ni wọ́n, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n mọ àṣírí rédà. Wọ́n bá jókòó ti ìṣirò tiwọn. Ní oṣù Kẹta wọ́n kọ ìwé kúkúrú kan tó fi hàn pé yuréníọ̀mù díẹ̀, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé, tó láti ṣe bọ́ǹbù tí yóò pa ìlú rẹ́. Peierls fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé náà, torí kò sí akọ̀wé tí wọ́n lè fi irú àṣírí bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Gbogbo àwa tó ń tẹ̀wé ló pariwo nígbà tí a gbọ́ èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó tẹ ìwé fúnra rẹ̀! Ṣùgbọ́n ohun tí ìpàdé rí dì mú níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ méjèèjì yìí, tí ọ̀kan yí ogun padà, tí èkejì sì yí gbogbo ayé padà sí ibi, àṣírí ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe é, kò sí jọ́nà kankan tó gbé wọn jáde. Bí ẹnì kan bá fi ìwọ̀n òde òní ka èso ìwádìí yunifásítì yẹn ní ìparí 1940, òdo ni iṣẹ́ méjèèjì ì bá jẹ́.

Ìwọ̀n òde òní náà nìyí. REF ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún mélòó kan síra wọn, wọ́n máa ń díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí gbogbo yunifásítì, ibẹ̀ ni ìjọba sì ń wò kó tó pín owó. Nínú REF 2021, tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé ẹ̀kọ́ gíga 157 ló wọlé, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 76,132 àti iṣẹ́ 185,594. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, 60 ni ti ìwé àti iṣẹ́ tó jáde, 25 ni ti ipa tí iṣẹ́ náà ní láwùjọ, 15 tó kù jẹ́ ti bí ibi iṣẹ́ náà ṣe rí. Kì í sì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń gbà: sọ́fíwìà, fíìmù, eré orí ìtàgé, àkójọ dátà, gbogbo rẹ̀ lè wọlé.

Èyí dùn mọ́ wa títí a fi dé orí ẹni tí wọ́n ń kà. Olùrànlọ́wọ́ ìwádìí, kódà òyìnbó tó ń gbowó oṣù ní yunifásítì níbẹ̀, kò sábà wọ inú kíkà ti 2021 náà àfi tó bá lè fi hàn pé òun ń dá ìwádìí tòun ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan láti ẹ̀yìn ní, "Bí wọn ò bá ka tiwọn, tiwa ni wọn yóò kà?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Níbẹ̀ ni ìyá kan, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, ti dìde. Ó ní àlàyé ti pọ̀ jù, kí a gbọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tan ohùn kan lórí tẹ́lífóònù rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Ìyá àgbà kan ló ń pìtàn baba ńlá rẹ̀ nínú agboolé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, ewúrẹ́ ń ké. Ìyá àgbà ní nígbà tí baba náà dé ìlú, àwọn ará ibẹ̀... Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Ṣé "wọ́n fọ̀wọ̀ gbà á" ni, àbí "wọ́n fọwọ́ gbá a"? A tan ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Apá ọ̀tún yàrá ní ọ̀wọ̀ ni àwọn gbọ́, apá òsì ní ìgbájú ni. Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí a jà á tán. Ó ní òun náà jà á fún ọjọ́ méjì, òun kò sì lè fi ìgbájú sínú ìtàn ìdílé ẹlẹ́ni láìmọ̀. Òun gun ọ̀kadà padà lọ bá ìyá àgbà, òun bí i léèrè. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò gbá baba mi létí tó máa wá fún un nílẹ̀?" Ọ̀wọ̀ ni. Nínú ìwé tó jáde, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan péré ló dúró fún un. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn, kò sì sí ẹni tó san án padà.

Ìpàdé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ohùn pé báwo ni wákàtí kan ohùn ṣe ń pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó yára jù nínú wọn ní bí ohùn bá já gaara, tí iná sì wà, òun yóò lo odindi ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ibi ìsìnkú tàbí ọjà, òun kò lè sọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn sọ tirẹ̀. Ó bá olùwádìí kan láti òkè òkun ṣiṣẹ́ fún oṣù méje. A kò ní dárúkọ ẹni náà, a kò sì ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun ló mú un mọ baálé, òun ló túmọ̀, òun ló dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e jáde nínú agboolé kan. Ìwé jáde. "Olùrànlọ́wọ́ mi" ni wọ́n pè é nínú rẹ̀, láìlórúkọ. Fọ́tò èèpo ìwé náà nìkan ló fojú rí, lórí WhatsApp. Ó wá béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ó bá a pé ó ju owó tí wọ́n ń san fún òun lóṣù lọ.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta náà rọ̀ wá pé kí a má fi ìbínú ka gbogbo olùwádìí pọ̀, wọ́n sì ní àpẹẹrẹ lọ́wọ́. Ní 1963 ni wọ́n dá ibùdó ìmọ̀ nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Birmingham. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber ti ṣiṣẹ́ jù láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, Òkukù tiwa níhìn-ín ló ti gbé fún ọdún mẹ́ta, tó kọ́ Yorùbá débi pé ó bá ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí oríkì àti àwọn obìnrin Òkukù jáde ní 1991. Nínú ìwé yẹn, Ṣàngówẹ̀mí tó ń ki oríkì kì í ṣe "ìyá kan" lásán. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ ní Yorùbá, àti bí ó ṣe ń ṣe é. Ní 2012, Barber tún gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó jáde, Yorùbá ní ojú kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ojú kejì, tí ẹni tó gbọ́ méjèèjì fi lè yẹ iṣẹ́ atúmọ̀ wò. Èyí ni a pè ní ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, a sì fẹ́ kó wọ inú àkọsílẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ tí Birmingham àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ ṣe láti 2012 dé 2017, lórí bí Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Owó Ìgbìmọ̀ Ìwádìí ti Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe é. Ó lé ní 2,000 ènìyàn tó dáhùn ìbéèrè wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Yorùbá dáhùn. Ìwé kan jáde láti inú rẹ̀ ní 2017 lórí ìlú Ẹdẹ, Insa Nolte, Olúkòyà Ògèn àti Rebecca Jones ló jọ ṣe olóòtú rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ ṣe tò síbẹ̀: ọmọ ilé wà láàárín. Ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo iye ojúlé tí ìwé ìbéèrè 2,000 ń kàn, kí ẹ tó béèrè ìdí tí bàtà wa fi ń tètè jẹ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, a rò pé òyìnbó fúnra wọn ló ti yanjú rẹ̀, ní ibi tí a kò fọkàn sí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti Faransé gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ìwọ̀n ohun tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Higgs. Àwọn ará Birmingham wà lára wọn. Ojú ìwé 33 ni iṣẹ́ náà. Mẹ́sàn-án ló jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. 24 tó kù jẹ́ kìkì orúkọ ènìyàn àti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ 5,154. Ẹni tó bá wọn kọ́ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ẹni tó kọ sọ́fíwìà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni òǹkọ̀wé. Àyè wà fún 5,154 lórí ohun tí ojú kò lè rí. Kí ló dé tí àyè kò sí fún ẹnì kan tó tẹ ohùn ìyá àgbà?

Bàbá kan tako èyí, a sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó sọ. Ó ní ẹni tó ru iṣu dé ọjà kò lè sọ pé òun ló gbìn ín, kí a má sọ ara wa di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìpàdé. Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì dá a lóhùn pé alábàárù kò béèrè oko, owó àrù àti orúkọ ni ó ń béèrè. Àti pé nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í kàn ń ru iṣu, àwa la ń hú u. Bàbá kò gbà. Ìpàdé kò fipá mú un gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà tún rántí àwọn lẹ́tà àwọn oníwàásù ìjọ CMS, tó wà nínú àká ìwé àtijọ́ ní yunifásítì Birmingham yìí kan náà. Ìwé Samuel Àjàyí Crowther wà níbẹ̀, ti Thomas King náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa mọ Crowther. Ọmọ mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Thomas King bá a ṣiṣẹ́ lórí títúmọ̀ Bíbélì? Ẹni mẹ́rin ló nawọ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun ń pe ẹni tó ń ta omi ni.

Ní báyìí, ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ bá olùwádìí ṣiṣẹ́, ti ilé tàbí ti òkè òkun, láìsí ìwé àdéhùn, bó ti wù kó kúrú. A kọ "ti ilé" síbẹ̀ tìmọ̀tìmọ̀, torí nínú ẹjọ́ mọ́kànlá tó wà níwájú akọ̀wé, mẹ́jọ ni ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa níhìn-ín. Ìwé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ sọ iye owó fún wákàtí ohùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì; ó gbọ́dọ̀ ya owó ìrìnàjò sọ́tọ̀; ó sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí orúkọ yóò ti hàn, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí a fi orúkọ òun pamọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó gbóná, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

A bẹ àwọn yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa, Birmingham nínú wọn, pé kí ẹ̀dà kan ohùn àti ẹ̀dà kan ìwé padà sí ìlú tí wọ́n ti gbà á: ilé ìkàwé ìlú tàbí ààfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpilẹ̀kọ jọ́nà tí wọ́n bá fẹ́ fi wọ REF 2021 ní láti wà ní ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin yẹn kò kan odindi ìwé, bẹ́ẹ̀ odindi ìwé ni àwọn tó ń ṣèwádìí nípa wa sábà máa ń kọ. Àjọ tó ń fún wọn lówó ìwádìí ti mú ìwé náà wọ inú òfin tirẹ̀ láti oṣù Kìíní 2024. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ṣáájú ń kọ́? Ẹni tó pìtàn nínú wọn ti ń darúgbó.

Àwọn tó ń tẹ jọ́nà ní ètò kan, CRediT, tó to ipa mẹ́rìnlá tí ènìyàn lè kó nínú iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó wá owó wà níbẹ̀, ẹni tó ya àwòrán wà níbẹ̀. Atúmọ̀ kò sí. A ti ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà sí wọn pé kí ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọ̀rọ̀ tó kù le, ilé ara wa ló sì wà. Àwọn kan nínú wa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn dáhùn ìwé ìbéèrè ogójì ènìyàn. A mọ̀ wọ́n. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń wọ inú kọ̀ǹpútà ní ìlú òkèèrè, ó ń di àpilẹ̀kọ, irọ́ ń di ìmọ̀. A kò lè máa béèrè pé kí orúkọ wa wà lára iṣẹ́ tí a bà jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹgbẹ́ yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò fún ọdún méjì, yóò sì dá owó padà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì jáde kúrò ní ìpàdé nígbà tí a ń dìbò lórí èyí. Akọ̀wé ti kọ aago tí wọ́n jáde.

Bóyá atúmọ̀ jẹ́ òǹkọ̀wé tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpàdé kò yanjú rẹ̀. Ìbò méjìlá sí mọ́kànlá ni, alága sì ní èyí kò tó láti fi ṣòfin. Yóò padà wá ní ìpàdé oṣù mẹ́ta sí i.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kò tíì tú ká. Iṣẹ́ tó kù fún wọn ni kí wọ́n lọ sí ilé Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí wọ́n bá a ka kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ agboolé tí a ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òjò ti pa méjì nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà.

Alága
Akọ̀wé
Òṣogbo